Ìlà Tó Ń Sá

Ẹni tó bá rí Akọ̀wé bó ṣe ń bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé yẹn á rò pé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ló yá wálé. Láti aago méje àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró ní ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, òun ló ń to ojú ìwé, nígbà tí ẹni tó yẹ kó máa gé etí ìwé sì ní ẹ̀yìn ń dun òun, òun náà ló tún bọ́ sídìí ọ̀bẹ ìgéwèé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Kò tíì dàgbà, àmọ́ bó bá ti di ọjọ́ Sátidé, orúnkún rẹ̀ kì í gbà pẹ̀lú ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé, nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ni.

Kò sì ní í rí bẹ́ẹ̀dì dé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó ṣí ilẹ̀kùn.

Bàbá rẹ̀ ti jókòó. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀, ó ti fá irùngbọ̀n, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de dókítà. Rédíò ńlá kan wà níwájú rẹ̀, èyí tó ju Akọ̀wé lọ lọ́jọ́ orí. Kọ̀ǹpútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Wáyà dúdú kan ti inú rédíò jáde wá sínú ẹ̀rọ pélébé kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ẹ̀rọ pélébé náà sì wà nínú ihò kọ̀ǹpútà. Nǹkan kékeré yẹn ló ti ń da ilé náà láàmú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Akọ̀wé, káàbọ̀. Aago mẹ́ta ti lu."

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Mo ti rí aago."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ kú ilé!"

"Ẹn-ẹ́n. Jókòó, ó ti ń lọ."

Akọ̀wé ni bàbá ń pè é láti ọjọ́ tó ti fi èédú kọ nǹkan sára ògiri nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, orúkọ tí bàbá yìí bá sì fúnni, omi kì í fọ̀ ọ́. Bó ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà lórúkọ nìyẹn. Atukọ̀ ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò tukọ̀ rí. Iṣẹ́ rédíò ló ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi títí tó fi fẹ̀yìn tì, gẹ́gẹ́ bí Bàbá náà ṣe ṣe tirẹ̀ ní ọ́fíìsì wáyà nílẹ̀ gbígbẹ létí òkun. Kọ́ọ̀dù ni àwọn méjèèjì fi jẹun: ìró kúkúrú, ìró gígùn, tí wọ́n ń tò pọ̀ di lẹ́tà, tí lẹ́tà ń di ọ̀rọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ tán, ọwọ́ ṣì ń yún wọn, ni kálukú bá gbé rédíò sílé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí wọ́n ti ń pàdé lójú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́rin ààbọ̀. Òkun wà láàárín wọn. Wọn ò fojú kan ara wọn rí. Síbẹ̀ Bàbá mọ apá ibi tí òrùlé Atukọ̀ ti ń jò, Atukọ̀ sì mọ orúnkún tó ń dun Bàbá. Ọ̀sẹ̀ tí ìyá Akọ̀wé kú, Atukọ̀ lẹni àkọ́kọ́ tí Bàbá sọ fún, kó tó sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ pàápàá.

Ọjọ́ ogbó wá dé, kò sì ṣe ojúsàájú. Ó gba etí lọ́wọ́ Bàbá, ó gba ojú lọ́wọ́ Atukọ̀. Fóònù kò wúlò fún ẹni tí kò gbọ́ràn, lẹ́tà kò sì wúlò fún ẹni tí kò ríran. Lóòótọ́, ọmọ wà tí wọ́n lè máa rán níṣẹ́ síra wọn. Ṣùgbọ́n ta ló ń rán ọmọ lọ bá òun ṣe ọ̀rẹ́?

Ní oṣù tó kọjá ni lẹ́tà dé. Ọmọ-ọmọ Atukọ̀ ló bá a kọ ọ́. Atukọ̀ ní àwọn ọmọ òun ti ń ta ilé, wọ́n fẹ́ kó òun lọ sí yàrá kan ní àjà karùn-ún lọ́dọ̀ wọn, níbi tí èèyàn ò ti lè ta èríà, ìyẹn wáyà tí rédíò fi ń gba ohùn. Gbólóhùn tó fi parí lẹ́tà náà ni Bàbá ń kà títí ìwé fi ń gbó: "Sátidé mẹ́rin ló kù fún wa. Má jẹ́ kí ọ̀kan bọ́."

Bẹ́ẹ̀ rèé, etí Bàbá ti kọṣẹ́. Bí rédíò bá pariwo, á gbọ́ ọ. Àmọ́ ohùn Atukọ̀ kì í pariwo, àtọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Akọ̀wé ló wá ronú pé bí etí ò bá gbọ́, ojú lè rí. Ó lọ bá alátùn-únṣe rédíò kan, ìyẹn ló ta ẹ̀rọ pélébé náà fún un, ó sì so nǹkan mọ́ kókó rédíò kí kọ̀ǹpútà náà lè máa yí i. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni pé ó ń ya àwòrán gbogbo ohun tí èríà bá gbọ́. Ohùn kọ̀ọ̀kan á di ìlà títàn kan tó ń ṣàn wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí omi tó ń ṣàn lára ògiri. Fèrèsé méjì ló ní. Fèrèsé ńlá ń fi gbogbo àgbègbè hàn, àmọ́ bí fọ́nrán irun ni ìlà kọ̀ọ̀kan rí níbẹ̀. Fèrèsé kékeré ni tirẹ̀ ń fẹ ohun tí rédíò bá dúró lé lórí lójú, débi pé èèyàn á rí ìró kúkúrú, á rí ìró gígùn, á sì kà á bí ẹni ń ka ìwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára àjèjì kan lójú afẹ́fẹ́ tí ohùn kọ́ọ̀dù rẹ̀ lágbára, Bàbá kà á lákàyé, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ọjọ́ yẹn nìkan náà ni ẹ̀rín mọ.

Ní Sátidé kìíní, ìlà ló kún ojú kọ̀ǹpútà bí òjò. Akọ̀wé wá ìdí rẹ̀ títí, ó yọ nǹkan kan, ó ki òmíràn, ó wá rí i pé ṣájà fóònù tó wà lára ògiri ló ń pariwo tí etí ò gbọ́. Ó yọ ọ́, gbogbo ìlà sì pòórá. Inú rẹ̀ dùn, ó ń yan. Ìlà kan ṣoṣo ló kù, tín-ín-rín, lápá ọ̀tún ibi tí wọ́n ti máa ń pàdé. Ó fi máòsì tẹ̀ ẹ́ pé kí rédíò lọ bá a. Ìlà náà sá. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún sá síwájú. Bàbá fọwọ́ yí kókó rédíò lé e lọ, ńṣe ló túbọ̀ ń jìnnà.

"Ẹ̀gbin kọ̀ǹpútà ni," ni Akọ̀wé wí. "Ohun tó bá jẹ́ òótọ́ kì í sá." Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ ìlà náà ní Olè.

Ní Sátidé kejì, Bàbá ní òun ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ìgbà tí òun bá pe Atukọ̀ tí òun dákẹ́ ni Olè máa ń yọjú. Akọ̀wé ní ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, torí bí Bàbá bá ń tẹ kọ́ọ̀dù lọ́wọ́, rédíò kì í gbọ́ nǹkan kan, kò sì ní í ya nǹkan kan. Àlàyé náà dán. Bàbá ní ṣé kò lè jẹ́ pé àwòrán náà yí padà ni, tí ọ̀tún di òsì, torí àwọn rédíò ayé àtijọ́ bíi tòun máa ń yí nǹkan po nínú ikùn wọn. Akọ̀wé ní rárá o, òun ti fi ilé iṣẹ́ ìròyìn ńlá dán an wò, ibi tó yẹ kó wà gan-an ló wà. Nígbà tí Bàbá tún la ẹnu, ó rẹ ọmọ náà tẹnutẹnu, ó sì sọ ohun tí kò yẹ kó sọ.

"Bàbá, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún mi! Ayé rédíò lẹ mọ̀, ẹ ò mọ èyí!"

Ó sọ ọ́ sókè ju bí etí tó ti kú ṣe nílò lọ. Ọkùnrin tó fi etí yìí kan náà gbọ́ ìpè ọkọ̀ tó ń rì láàárín àrá àti ìjì, tí wọ́n sì torí rẹ̀ kó èèyàn mọ́kàndínlógún jáde láàyè, wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa." Kò sọ ọ́ mọ́. Ní Sátidé kẹta, ó kàn ń pe Atukọ̀ ni, ó ń pè, ó ń pè, Olè ń yọjú, ó ń sá, aago mẹ́rin ààbọ̀ sì lu.

Sátidé kẹrin rèé. Èyí tó kẹ́yìn ni.

Akọ̀wé bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí ẹ̀rọ kankan. Ó yọ ẹ̀rọ pélébé náà, ó fẹ́ ẹ lẹ́nu, ó tún tì í bọ ihò. Kò rí i. Ó rántí pé lọ́jọ́rú òun gbé iṣẹ́ wálé, òun sì gba ihò tí ẹ̀rọ náà wà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà yìí ní ìwà kan, bó o bá pàrọ̀ ihò fún nǹkan, á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó dá a padà sí ihò rẹ̀ àtijọ́. Kọ̀ǹpútà ní òun ti rí i, àmọ́ kí wọ́n pa òun kí wọ́n tún òun tàn. Ó pa á. Nígbà tó máa tàn padà, ó ní òun ń ṣàtúnṣe ara òun, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òun.

"Ọjọ́ wo ló máa ṣe é tán?" ni Bàbá bi í.

"Ẹ bi í."

Àtúnṣe wo ni kọ̀ǹpútà ń ṣe lọ́jọ́ tí èèyàn ń kánjú? Ẹni tó bá mọ̀ kó sọ fún mi. Nígbà tó ní òun ti ṣe tán, aago mẹ́rin ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá. Àwòrán yọ, fèrèsé méjèèjì là. Bàbá gbé ọwọ́ lé irin tó fi ń tẹ kọ́ọ̀dù, ó pe Atukọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ṣíwọ́. Ìlà tín-ín-rín kan yọ lápá ọ̀tún.

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Ó sá.

Bàbá tún pè. Ó ṣíwọ́. Olè tún yọjú. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Àfi gbọ̀n-ọ̀n gbọ̀n-ọ̀n fáànù tó wà lókè orí wọn nìkan ló ń dún. Akọ̀wé gbé ìgúnpá lé tábìlì, ó fi orí lé ọwọ́. Bí wọ́n bá ní kó sùn síbẹ̀, á sùn.

"Akọ̀wé," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o bínú. Mi ò fẹ́ kí o tún bínú. Ṣùgbọ́n Olè yìí..."

"Bàbá."

"Mo gbọ́. Mo kàn ní..."

"Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín, kí ọkàn yín lè balẹ̀!" Ó gbá kókó rédíò mú, ó yí i lọ sí ibi tí ilé iṣẹ́ ìròyìn ńlá yẹn wà, èyí tí kì í dákẹ́ tọ̀sán tòru. Ìlà gbàǹgbà kan dé, ó dúró sí àárín gbùngbùn fèrèsé bí òpó. "Ẹ wò ó! Ibo ló wà? Àárín! Ibi tí rédíò ní ó wà náà ni àwòrán ní ó wà. Ṣé ẹ ti rí i?"

Bàbá ti yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí kankan lára gíláàsì náà. Nǹkan yẹn dun Akọ̀wé. Ó fẹ́ dá rédíò padà síbi ìpàdé, àmọ́ ọwọ́ tó ti gé ìwé láti àárọ̀ yọ̀, kókó náà sì yí díẹ̀ sí ọ̀tún. Ìlà ńlá náà sún kúrò láàárín.

Ó sún sí ọ̀tún.

Akọ̀wé tẹjú mọ́ ọn. Ó yí kókó padà sí òsì, ìlà náà bá a sí òsì. Ó yí i sí ọ̀tún, ó tún bá a sí ọ̀tún. Ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò tó ń lọ síwájú, ẹ̀yìn ni igi ẹ̀bá ọ̀nà máa ń lọ lójú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìròyìn kò kúrò níbi tó wà. Bí rédíò bá ń lọ sókè, ìyẹn sí ọ̀tún, ẹ̀yìn ló yẹ kí ìlà rẹ̀ máa sún sí, ìyẹn òsì. Àmọ́ èyí ń bá mọ́tò lọ. Àwòrán náà ti yí padà, ọ̀tún rẹ̀ ni òsì, òsì rẹ̀ ni ọ̀tún, bó sì ṣe rí láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Àárín nìkan ló fi dán an wò. Bẹ́ẹ̀ bí èèyàn yí àwòrán po nígbà ọgọ́rùn-ún, ohun tó wà láàárín, àárín náà ló máa wà.

Olè kò sí lókè tí wọ́n ń lé e lọ. Ìsàlẹ̀ ló wà. Rédíò tí Atukọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti dàgbà bíi tẹni tó ni ín, kì í lè dúró lójú kan mọ́, ó ti yọ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ ibi ìpàdé, ìyẹn sí apá òsì. Gbogbo ìgbà tí Akọ̀wé bá ń tẹ ìlà náà, ńṣe ló ń gbé bàbá rẹ̀ sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gun igi kò rí i. Èyí tiẹ̀ burú ju ti igi lọ, àgbà ti sọ ohun tó rí, ọmọdé sì jágbe mọ́ ọn.

Bàbá ṣì ń nu gíláàsì. Kò tíì rí nǹkan kan. Akọ̀wé lè rọra tún un ṣe, kó ní kọ̀ǹpútà ti gbọ́n wàyí, kó sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ó rò ó. Èmi ò ní í bá a wí pé ó rò ó, ta ni ojú kì í tì? Àmọ́ ojú tì í débi tí irọ́ náà fi wúwo jù fún un láti gbé. Ó gbé ẹnu lé etí ọ̀tún bàbá rẹ̀, èyí tó ṣì sàn díẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ jàre. Àwòrán yí padà. Láti ọjọ́ kìíní ni, èmi ni mi ò gbọ́ tiyín. Àwọn ni Olè."

"Àwọn ta?"

"Bàbá Atukọ̀. Àwọn ló ń dá yín lóhùn láti ọjọ́ yẹn."

Bàbá fi gíláàsì sójú, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Akọ̀wé ń retí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà kọjá lára rẹ̀, ó lọ sára aago ògiri.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló kù?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Tún un ṣe."

Ibi tí wọ́n ti ń ṣètò àwòrán nínú kọ̀ǹpútà náà jìn. Akọ̀wé ṣí ojú ewé kan, kò sí níbẹ̀. Ó ṣí òmíràn, ibi tí wọ́n ti ń yan àwọ̀ ni. Òógùn ń já bọ́ sí i lójú, ojú ń ta á, ó ń ka ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé e. Bàbá ń wo aago. Ní ojú ewé kẹta, nísàlẹ̀ pátápátá, àpótí kan wà tí kò tó èékánná, tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí èèyàn fi àmì sí i bó bá fẹ́ yí àwòrán padà. Ó ti rí àpótí yìí rí ní ọjọ́ kìíní. Ó ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò yé e, ó sì kọjá. Ó fi àmì sí i. Gbogbo ohun tó wà lọ́tùn-ún fò sí òsì.

Ó dá rédíò padà síbi ìpàdé. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Bàbá pe Atukọ̀, ó ṣíwọ́. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Ó ṣì dúdú. Akọ̀wé ń ronú pé ó ti sú ọkùnrin náà, ó ti dìde, wọ́n ti mú un lọ. Ìlà tín-ín-rín kan bá yọ lápá òsì.

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sá. Ó rìn wá sí àárín bí ewúrẹ́ tó gbọ́ ohùn olúwa rẹ̀, fèrèsé kékeré sì fẹ̀ ẹ́ lójú: kúkúrú, gígùn, kúkúrú, gígùn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn," ni Bàbá wí. "Wo bó ṣe ń fa èyí tó gùn. Kò sẹ́ni tó ń fà á bẹ́ẹ̀." Ó sún àga débi tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì kọ̀ǹpútà, ó mú pẹ́ńsù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Akọ̀wé kò mọ kọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn èjìká bàbá rẹ̀ ló ti ń kà á lórí ìwé.

"Mo ń gbọ́ ẹ. Sátidé mẹ́ta ni mo ti ń dá ẹ lóhùn. O ń kọjá lára mi. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu. Òun rèé tó ń pe ọ̀gbẹ́ni yìí ní ẹ̀gbin. Afọ́jú àgbà kan jókòó sídìí rédíò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń da ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rò, ó ń wá ibi tó ti ṣẹ ọ̀rẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Omi lé róró sí i lójú.

Bàbá máa ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, torí ọjọ́ ogbó kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró sórí. Akọ̀wé mọ ohun tó máa kọ. Á kọ ọ́ pé ọmọ òun ló ṣàṣìṣe, òótọ́ sì ni. Pẹ́ńsù náà ń lọ lórí ìwé.

"O ò ṣẹ̀ mí. Etí mi ló kú. Ojú Akọ̀wé ni mo fi ń gbọ́ ẹ báyìí."

Ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìlà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

"A dọ́gba. Etí lèmi náà fi ń ka lẹ́tà."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà méjì lásán ni wọ́n ń sọ. Orúnkún ńkọ́? Ó wà bẹ́ẹ̀. Òrùlé ńkọ́? Ẹni tó ra ilé ni kó máa gbé apẹ sábẹ́ rẹ̀ o. Ṣé o ṣì ń fi iyọ̀ sí oúnjẹ? Wọ́n ti gbé iyọ̀ pamọ́ fún mi. Èmi náà, wọ́n gbé e pamọ́, mo mọ ibi tí wọ́n gbé e sí. Bí ẹni tó ní ọgbọ̀n ọdún mìíràn níwájú ni wọ́n ṣe ń fi ìṣẹ́jú ṣòfò. Ó ń ṣe Akọ̀wé bíi kó pariwo pé kí wọ́n sọ nǹkan gidi, kó tó yé e pé èyí gan-an ni nǹkan gidi.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin ààbọ̀ lu, ìlà náà ti ń tín-ín-rín sí i. Bó ṣe máa ń rí lákòókò yẹn nìyẹn, ojú ọ̀run ló ń pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Bàbá ń kọ ọ̀rọ̀ Atukọ̀ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò yá mọ́.

"Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa tú èríà. Mo gbádùn ẹ, ọ̀rẹ́ mi. Bá mi kí Akọ̀wé."

Ìró kúkúrú méjì tẹ̀ lé e.

Àwọn tó ń fi kọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ ní àṣà kan, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá bọ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹni tó bá fẹ́ máa lọ á tẹ ìró kúkúrú méjì, ẹnì kejì náà á tẹ méjì padà. Bí méjì yẹn bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ ti parí, kálukú á pa rédíò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dìde kí èsì náà tó dé, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Bàbá fi ìka lé irin náà. Kò tẹ̀ ẹ́.

Fáànù ń dún. Lójú kọ̀ǹpútà, ìró kúkúrú méjì tún sọ̀ kalẹ̀. Bàbá ń wò wọ́n títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ fèrèsé tí wọ́n sì lọ. Ó pẹ́ díẹ̀, méjì tún dé.

"Bàbá," ni Akọ̀wé wí létí rẹ̀, "wọ́n ń dúró dè yín."

"Mo rí i."

"Ẹ dá wọn lóhùn."

"Bí mo bá dá a lóhùn, á dìde."

Bàbá mí kanlẹ̀, ó tẹ irin náà, ẹyọ kan, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Kò tẹ èkejì.

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ìró kúkúrú kan ṣoṣo sọ̀ kalẹ̀ láti òdìkejì òkun, kò sì sí èyí tó tẹ̀ lé e. Akọ̀wé fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti bàbá rẹ̀, ó sì jókòó.